Ìdajì Ìṣẹ́jú Tí Mo Fún Akọ̀wé

Mo fi aago dí akólòlò lẹ́nu níwájú àádọ́fà ènìyàn, mo sì mọ ohun tí ó fẹ́ sọ. N kò ṣèèṣì. Mo jókòó, mo rò ó, mo fi dánra wò, mo sì ṣe é gẹ́gẹ́ bí mo ti rò ó. Ẹni tí mo ṣe é fún ni ó kọ́ mi ní ìwé kíkà.

Ẹ̀yin òǹkàwé, n kò kọ èyí kí ẹ lè ṣàánú mi. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń bá ènìyàn wí. Ẹni tó bá pẹ́ dé ibi iṣẹ́, mo bá a wí. Ẹni tó bá purọ́ pé orí ń fọ́ òun, mo bá a wí títí orí fi máa ń fọ́ ọ lóòótọ́. "Màmá Òfin" ni wọ́n ń pè mí, inú mi sì máa ń dùn sí i. Ó ti tó àkókò kí ẹnì kan bá Màmá Òfin náà wí.

Ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn ńlá kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Aṣọ ibùsùn àwọn aláìsàn ni à ń fọ̀, tí à ń lọ̀, èmi sì ni olórí àwọn tó ń lọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ tí a fi ń lọ̀ ọ́ gùn tó yàrá kan: òpó irin méjì tó gbóná, tí wọ́n dùbúlẹ̀ lé ara wọn, tí wọ́n ń yí, tí wọ́n sì ń fa aṣọ wọlé sí àárín. Ènìyàn mẹ́ta ní í máa ń dúró tì í. Ẹnì kan ń fi aṣọ sí i lẹ́nu níwájú. Ẹnì kan ń gbà á lẹ́yìn, kò sì lè rí ẹni iwájú. Ẹnì kẹta kò ṣe nǹkan kan ju pé kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnì pupa, kó máa wo ọwọ́ ẹni iwájú. Bí aṣọ bá fẹ́ fa ọwọ́ wọlé, á tẹ bọ́tìnì, ẹ̀rọ á dúró.

Ẹni tí a ń pè ní Akọ̀wé ni ẹni iwájú. Ó ti jáde ilé ẹ̀kọ́ girama kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ìkọ̀wé rẹ̀ sì dà bí èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀. Kò sí ọ́fíìsì tó gbà á, nítorí bí wọ́n bá bi í ní orúkọ rẹ̀, ó lè tó ìṣẹ́jú kan kó tó pè é tán.

Èmi ní tèmi, ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni mí nígbà tó dé, n kò sì lè kọ orúkọ mi. Òun ló fà mí lọ sí ilé ìwé àgbà. Òun ló ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ̀rọ̀ fún mi sórí tábìlì tí a fi ń ká aṣọ, ní àkókò ìsinmi. A jọ máa ń kà á pọ̀ sókè ni, nítorí ohun kan wà tó yà mí lẹ́nu nípa rẹ̀: bí òun àti ẹlòmíràn bá jọ ń ka ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, kì í kólòlò rárá.

Ọ̀gá àgbà pè mí sókè ní ọjọ́ Ajé kan.

"Màmá, ẹ jókòó. Ènìyàn mẹ́ta lórí ẹ̀rọ kan, ẹ ò rí i pé ó ti pọ̀ jù?"

"Bí a ti ń ṣe é nìyẹn láti ọjọ́ tí mo ti dé, sà."

"Ẹni kẹta yẹn, kí ló ń ṣe gan-an?"

"Ó ń wò, sà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Èmi náà mọ̀ ọ́n wò. Ẹ fi ènìyàn méjì dán an wò fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Lẹ́yìn náà, ẹ ó dúró níwájú gbogbo òṣìṣẹ́ àti àwọn aláṣẹ, ẹ ó ṣàlàyé fún wọn bó ṣe lọ sí. Bí èmi bá sọ ọ́, wọ́n á ní mo fẹ́ dín ènìyàn kù. Bí ẹ̀yin bá sọ ọ́, wọ́n á gbà á. Wọ́n mọ̀ pé ẹ kì í purọ́."

Ó ń ṣí ìwé kan wò, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ó wá ní, "Alábòójútó àgbà ilé ìfọṣọ ń fẹ̀yìn tì lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ sáà mọ ọ́fíìsì rẹ̀."

Mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ ilẹ̀kùn náà, mo sì mọ pákó kékeré tí wọ́n kọ orúkọ sí lára rẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń gba ibẹ̀ kọjá. Mọ́kànlá nínú rẹ̀ ni n kò fi lè ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì jẹ́ púrúǹtù rí kò lè mọ bí pákó bẹ́ẹ̀ ṣe ń wu ènìyàn.

Ọjọ́ mẹ́jọ lọ geere. Akọ̀wé ló ń kọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ sínú ìwé àkọsílẹ̀, lójoojúmọ́.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, mo ń kọjá lọ gbé ọṣẹ. Mo rí i tí ó la ẹnu, tí iṣan ọrùn rẹ̀ le, tí ó ranjú. Ohùn kankan ò jáde. Ìgbà yẹn ni mo wo ìsàlẹ̀. Etí aṣọ ibùsùn ti wé mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó sì ń wọ́ ọ lọ.

Mo fò, mo tẹ bọ́tìnì. Ìwọ̀n ìka mẹ́rin ló kù kí ọwọ́ rẹ̀ kan irin.

Ìyàwó Ṣọ́jà, ẹni tó ń gba aṣọ lẹ́yìn, yọ orí sí wa. "Kí ló dé tí ẹ pa á? Aṣọ mi ò tíì jáde." Kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí ara Akọ̀wé balẹ̀, mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Àbúrò mi, má kọ eléyìí. Kò kúkú ṣe ọ́ ní nǹkan kan."

Ó ti mú kálàmù. "M-mo máa kọ ọ́, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀-ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ohun tó bá ṣẹlẹ̀ l-la ń kọ."

Lóòótọ́, èmi ni mo kọ́ wọn bẹ́ẹ̀.

Wọ́n rán mi lọ sí ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ méjì lórí bí a ṣe ń dúró sọ̀rọ̀ níwájú ènìyàn. Obìnrin tín-ín-rín kan ló kọ́ wa, bàtà rẹ̀ ń dún kò-kò-kò bó ṣe ń rìn.

"Ẹ mọ àwọn tí ẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀," ó ní. "Ẹ mọ ohun kan ṣoṣo tí ẹ fẹ́ kí wọ́n gbé lọ sílé. Ẹ má ka ohun tí ẹ bá fi ẹ̀rọ tàn sára ògiri fún wọn, wọ́n lójú. Ẹ dánra wò sókè ketekete, kì í ṣe nínú ọkàn. Kí ẹ sì fi aago sí i."

Mo nawọ́. "Bí ẹnì kan bá wá béèrè ohun tí èèyàn ò fẹ́ dáhùn ńkọ́?"

Ó wò mí. "Bí ẹ ò bá mọ ìdáhùn, ẹ sọ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n tí ẹ ò sì fẹ́ sọ ọ́, màmá, ìṣòro yín ti kúrò ní ti ọ̀rọ̀ sísọ."

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa, mo fàlà sí i nídìí. Àwa tí a pẹ́ kàwé, a máa ń kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀. Kíkọ nìkan kò tún ìwà ṣe.

Nílé, mo gbé ọkọ mi jókòó síwájú mi kí n lè dánra wò. Bàtà ló ń tún ṣe, ó sì fẹ́ràn àwàdà. Mo fún un ní fóònù kó fi máa wo aago.

"Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin aláṣẹ wa," mo bẹ̀rẹ̀.

"Ta ni aláṣẹ ńbí? Ẹni tí wọn ò tíì fún lóúnjẹ?"

"Jọ̀ọ́, gbọ́ mi."

Ó gbọ́ mi dé òpin. Ó ní mo ń sáré jù ní àárín, pé kí n máa dúró mí. Ó ní kí n má máa fọwọ́ pa etí mi. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìbéèrè ńkọ́? Ìṣẹ́jú mélòó lẹni kan ní?"

"Ìṣẹ́jú méjì."

"Wọ́n á sùn. Fún wọn ní ìdajì ìṣẹ́jú, kí aago máa dún bó bá ti pé." Ó rẹ́rìn-ín. "Àfi Akọ̀wé yín nìkan. Ìdajì ìṣẹ́jú ò lè tó ìyẹn láti fi kí èèyàn káàárọ̀."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà kú sí mi lẹ́nu.

"Kí lò ń wò?" ó bi mí.

"Kò sí. Ìdajì ìṣẹ́jú dára."

Ọkọ mi dápàárá lásán. Èmi ni mo gbé àpárá lọ síbi iṣẹ́.

Nínú àwòrán tí mo ṣe tí wọ́n máa tàn sára ògiri, mo yọ ọjọ́ kẹsàn-án kúrò. Mo kọ ọ́ sí i pé: "Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́tàlá. Kò séwu." Mo sọ fún ara mi pé kò sẹ́ni tó farapa lọ́jọ́ náà, nítorí náà irọ́ kọ́. Ẹ wo bí òfin ṣe máa ń dùn lẹ́nu ẹni tó fẹ́ rú u.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo máa sọ̀rọ̀, Akọ̀wé bá mi ní yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ. Ó mú ìwé pélébé kan jáde.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ b-bá mi ka ìbéèrè mi. T-tàbí ká jọ kà á pọ̀."

Mo kà á. Ó kọ ọ́ pé: "Ní ọjọ́ kẹsàn-án, aṣọ fà mí lọ́wọ́, n kò lè pariwo. Bí ẹni kẹta bá lọ, ta ni yóò tẹ bọ́tìnì fún mi?"

Mo dá ìwé náà padà fún un. "Ìbéèrè gidi ni. Fi í sápò. Bí àkókò bá tó, nawọ́, màá pè ọ́, a ó sì jọ kà á."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó bá mi tún kọ́là aṣọ mi ṣe, ó gbọn òwú kúrò léjìká mi. "Ẹ máa ṣe é d-dáadáa," ó ní.

Mo ṣe é dáadáa. Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ náà. Mo wojú wọn láti ọ̀tún dé òsì. Mo dúró mí níbi tó yẹ. Mo fi àwàdà bẹ̀rẹ̀, àwọn aláṣẹ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo fi ọjọ́ mẹ́tàlá náà hàn wọ́n lára ògiri, wọ́n ń mi orí.

"Ẹ lè béèrè ìbéèrè yín báyìí," mo wí. "Ìdajì ìṣẹ́jú lẹni kọ̀ọ̀kan ní. Bí aago bá dún, ó parí."

Akọ̀wé ló kọ́kọ́ nawọ́. Mo pe ẹlòmíràn. Ó tún nawọ́. Mo tún pe ẹlòmíràn. Aago dún fún ẹni kejì, gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, òun náà jókòó tẹ̀ríntẹ̀rín. Ìgbà tí mo rí i pé wọ́n ti mọ òfin aago náà, mo wí pé: "Ìbéèrè tó kẹ́yìn. Akọ̀wé."

Ó dìde, ó ṣí ìwé rẹ̀. Ó wò mí. Ó ń dúró kí n bá òun bẹ̀rẹ̀.

Mo wo aago.

"N-n-ní ọ-ọ-ọjọ́..."

"Ẹ fún un lómi," ẹnì kan wí láti ẹ̀yìn. Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

"N-ní ọjọ́ k-k-k..."

Aago dún.

"Àkókò ti tó, àbúrò mi," mo wí, mo sì rẹ́rìn-ín músẹ́, bí wọ́n ṣe kọ́ wa. "A ó bá a sọ níta."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ó dúró díẹ̀ sí i, ìwé ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ká a sí méjì. Ó ká a sí mẹ́rin. Ó jókòó.

N kò bá a sọ níta. Oṣù náà ò tíì parí tí wọ́n fi kan orúkọ mi mọ́ ilẹ̀kùn. Akọ̀wé wá kí mi kú oríire. Kò pè mí ní Ẹ̀gbọ́n. "Ẹ kú oríire, Ọ̀gá," ó ní, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ.

Ọjọ́ kọkàndínlógún lẹ́yìn tí àwọn aláṣẹ yọ ẹni kẹta kúrò pátápátá ni ó ṣẹlẹ̀. Inú ọ́fíìsì mi ni mo wà. Igbe Ìyàwó Ṣọ́jà ni mo gbọ́. Òun náà kò gbọ́ ohùn kankan. Ohun tó rí ni pé aṣọ ò jáde mọ́, ló bá lọ wo iwájú.

Ọwọ́ ọ̀tún ni. Àwọn dókítà ilé ìwòsàn wa ló tọ́jú rẹ̀, lórí aṣọ ibùsùn tí òun fúnra rẹ̀ lọ̀. Wọn kò gé e. Ṣùgbọ́n ìka márààrún kò ní ká mọ́ láé. Ohun tí ẹnu rẹ̀ kò bá lè sọ, ọwọ́ yẹn ni ó fi ń sọ ọ́.

Ọ̀gá àgbà pè mí. "Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an, Màmá?"

Ibí yìí ni Ọlọ́run ti fún mi láyè láti ronú pìwà dà. Mo ní, "Kò fara balẹ̀, sà. Kò tiẹ̀ pariwo."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀: àìfarabalẹ̀ òṣìṣẹ́. Ẹni tí wọ́n bá kọ ìyẹn nípa rẹ̀, wọ́n á dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, ilé iṣẹ́ ò sì ní sanwó ìtọ́jú rẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n pe gbogbo wa sí gbọ̀ngàn tí mo ti sọ̀rọ̀ lọ́jọ́sí láti gbọ́ ìpinnu. Akọ̀wé wọlé pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n fi aṣọ funfun dì. Ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e, ìwé àkọsílẹ̀ wa wà lábẹ́ apá rẹ̀. N kò mọ̀ pé Akọ̀wé ti mú un lọ sílé.

Ọ̀gá àgbà ka ohun tó kọ. Ó béèrè bóyá Akọ̀wé ní ohun tí ó fẹ́ sọ. Ó dìde. Ó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà há. Ìṣẹ́jú kan kọjá. Ìṣẹ́jú kejì ń lọ.

"Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn bá a sọ ọ́," ọ̀gá àgbà wí.

Bàbá Bọ́ílà, àgbàlagbà tó ń ṣọ́ iná tí a fi ń gbé omi kaná, kò dìde rárá. "Ẹ fi í sílẹ̀, sà. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Àwa náà ti jókòó, a ò níbi tí à ń lọ."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu Akọ̀wé, gbólóhùn kan péré ni.

"Ẹ̀-Ẹ̀gbọ́n ni kó b-bá mi kà á pọ̀."

Ìyá rẹ̀ gbé ìwé náà wá síwájú mi, ó ṣí i sí ojú ewé tí ó ti sàmì sí. "Ẹ bá ọmọ mi kà á," ó wí jẹ́jẹ́. "Ó ní ẹ ṣèlérí."

Mo fẹ́ sọ pé mo gbàgbé awò ojú mi sílé. Ojú mi ló wà.

Akọ̀wé dúró tì mí. A jọ bẹ̀rẹ̀, ohùn méjì, ọ̀rọ̀ kan náà: "Ọjọ́ kẹsàn-án. Aṣọ wé mọ́ mi lọ́rùn ọwọ́. N kò lè ké. Ẹ̀gbọ́n ló ń kọjá, Ẹ̀gbọ́n ló tẹ bọ́tìnì. Bí kò bá kọjá ni, ọwọ́ mi ì bá ti lọ. Ẹ̀gbọ́n ní kí n má kọ ọ́. Mo kọ ọ́, nítorí òun ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀."

Kò kólòlò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èmi ni ohùn mi ń gé.

Bàbá Bọ́ílà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Màmá Òfin, ọjọ́ mẹ́tàlá lẹ fi hàn wá lára ògiri."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ẹ mọ̀ pé mẹ́rìnlá ni?"

"Mo mọ̀."

"Ẹ sì mọ ohun tó fẹ́ béèrè lọ́jọ́ yẹn?"

"Ó fi hàn mí láàárọ̀."

Ìyàwó Ṣọ́jà wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ẹ wá lọ sọ pé kò pariwo," ó ní. Kò gbóhùn sókè. Ì bá sàn kó gbá mi létí.

Ọ̀gá àgbà tètè sọ̀rọ̀. "Màmá, ẹ lè jókòó. A ó yanjú èyí nínú ọ́fíìsì."

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo ti kúrò nípò náà, ẹni kẹta sì ti padà sídìí ẹ̀rọ. Akọ̀wé ń gba ìtọ́jú, ilé iṣẹ́ sì ti fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, n kò sì dá a lẹ́bi. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń bá ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ̀rọ̀, tí kò fẹ́ kí ẹnì kan dá a lóhùn, olè ni. Ṣùgbọ́n n kò jókòó lọ́jọ́ náà. Kò sí àwòrán lára ògiri, n kò sì dánra wò. Ohun tí mo sọ nìyí:

"Akọ̀wé, o bi mí ní ìbéèrè, mo sì mọ ìdáhùn rẹ̀ kó o tó dìde. Kò sẹ́ni tí ì bá tẹ bọ́tìnì yẹn fún ọ. Mo jẹ́ kí wọ́n fi ọ́ rẹ́rìn-ín kí n lè di ọ̀gá. Nígbà tí ọwọ́ rẹ lọ, mo tún purọ́ mọ́ ọ. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ gbà mí gbọ́, mo sì tà yín. Ọ̀gá àgbà, ẹ pa ohun tí ẹ kọ yẹn rẹ́, irọ́ mi ni. Ìyá Akọ̀wé, n kò lójú tí mo lè fi wò yín. Àbúrò mi, n kò ní bẹ̀ ọ́ pé kó o dárí jì mí lónìí, nítorí ìyẹn náà á tún jẹ́ ẹrù tí mo gbé lé ọ lórí. Mo kàn fẹ́ kí gbogbo ènìyàn tó wà níbí gbọ́ ọ láti ẹnu mi pé o kò ṣe àṣìṣe kankan. Èmi ni mo ṣẹ̀ ọ́. Mo tọrọ àforíjì."